Wákàtí Kan Àtààbọ̀

Flurin ọkọ mi ló ṣírò àkókò tó wà lára pátákó ìtọ́ka ọ̀nà lẹ́sẹ̀ òkè wa: wákàtí kan àtààbọ̀ dé ilé àwọn darandaran lókè. Wákàtí kan péré ni gbogbo ayé fi ń gùn ún. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Curdin, ẹ tún un kọ, ojú ń tì mí," ni mo máa ń sọ fún un.

Kò gbà rí. Alágídí ni.

Lánàá, àwa méjèèjì gun òkè náà. Ìbàdí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí kò jẹ́ kí n yára. Nígbà tá a débẹ̀, ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi: wákàtí kan àtààbọ̀ géérégé.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọ̀nà lónìí nìyẹn," ni mo wí.

"Ó ti tọ̀nà tipẹ́, Ìyá Curdin. Lọ́jọ́ tí mo wọn ọ̀nà yìí, ìwọ lò ń lọ níwájú pẹ̀lú oyún Curdin. Ẹ̀yìn ẹ ni mo ń rìn."