Apá Ọ̀tún Bàálù

Ìka mẹ́ta ni máṣíìnì tí wọ́n fi ń fá pákó gé lọ́wọ́ ọ̀tún Abdulsobur káfíńtà. Láti ìgbà náà ni Sìmíátù ìyàwó rẹ̀ ti sọ irọ́ di oògùn. Bí oníbàárà kankan ò bá yà, á ní wọ́n béèrè rẹ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Bí ọwọ́ náà bá wú, á ní ó ti ń rọlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á kàn ti ọwọ́ bọ àpò, á máa wolẹ̀. Odindi ọdún kan ni kò fi fọwọ́ kan ayùn.

Àfi ti bàálù ìṣeré yìí. Qowiyy, ọmọ wọn tó wà ní Ìlọrin, ló fi mọ́tò kékeré kan tó ń mú bàálù fò àti rìmóòtù ránṣẹ́, pé kí bàbá òun máa fi pa ìrònú rẹ́. Ta ló mọ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ kan ilẹ̀kùn mọ́ á fẹ́ kan bàálù? Ó yàwòrán rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: bàálù ayé àtijọ́, tó ní apá lókè, tó tún ní apá nísàlẹ̀, tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ọ̀kan ró lórí èkejì. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan tó kù di igi mú, ó fi ọwọ́ òsì rẹ́ ẹ. Ó ba púpọ̀ jẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n gé. Sìmíátù, tí í ṣe télọ̀, ló rán aṣọ bo àwọn apá náà, tó fi gúlúù olómi kùn wọ́n títí wọ́n fi le. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò rí ohun tó máa parọ́ lé lórí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á.

"Bó bá fò," ni Abdulsobur wí nílé wọn ní Òkè-Ìlá, "màá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá fò, màá ta ayùn. A jẹ́ pé uṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi nìyẹn." Kò fi ṣeré.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé e fò, ó fi okùn gbé bàálù náà kọ́ ní imú àti ní ìrù, ó rí i pé apá kan fúyẹ́ ju èkejì lọ. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó dúró síwájú imú rẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó na òjé kékeré kan sí i, kí apá méjèèjì lè wúwo bákan náà.

"Fi sínú ṣóńṣó apá ọ̀tún, kó o rán an pa."

Ó jáde lọ kírun. Nígbà tó dé, ó béèrè bóyá ó ti ṣe é, Sìmíátù ní òun ti ṣe é. Kò tún gbé e kọ́ mọ́. Ta ni í tún iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ wọ̀n?

Láàárọ̀ Sátidé, ní pápá ilé ìwé kan lọ́nà Ìgèdè, bàálù náà sáré, ó sì gbéra. Abdulsobur rẹ́rìn-ín. Kó tó pa ẹnu dé, bàálù ti ń tẹ̀ sápá kan. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọ̀pá rìmóòtù síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò gbọ́. Ó dojú dé, ó forí sọlẹ̀, ó fọ́ yángá.

"Ọwọ́ mi ló pẹ́," ló wí.

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, Bàbá Qowiyy. Wàláhì, atẹ́gùn ni."

Ewé kan ò mì ní gbogbo pápá náà.

Wọ́n délé, Abdulsobur yọ mọ́tò, ó ní kí ìyàwó òun dáná sun ìyókù. Kí ilé lè tòrò, Sìmíátù fi í se ìrẹsì. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní ṣọ́ọ̀bù Sìmíátù, Fúnkẹ́mi, tíṣà kan tó máa ń gbé aṣọ wá rán, tẹ́ kaba sórí tábìlì, ó dúró síwájú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ àpò ní ọ̀tún, ó sì nàka sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀.

"Tíṣà, ọ̀tún ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni ọ̀tún aṣọ," ni Sìmíátù wí, bó ṣe máa ń wí fún gbogbo ayé. "Kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó dúró tì í."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi rántí òjé inú bàálù. Gbogbo télọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fún káfíńtà, ọ̀tún ẹni tó dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù ni ọ̀tún kọ́bọ́ọ̀dù. Apá tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ ni òun tún rán òjé sí.

Ó fi tíṣà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré délé, ó tú eérú ìdáná. Ó rí òjé náà, ó ti yọ́, ó ti dì. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè wò ó kó mọ apá tó ti wá.

Abdulsobur wà lẹ́yìnkùlé, ó ń kó ayùn sínú àpò fún ọkùnrin ará Ìgèdè kan tó ń bọ̀ wá rà á. Sìmíátù rò fún un látòkè délẹ̀: tábìlì, òjé, ọ̀tún télọ̀, ọ̀tún káfíńtà. Ó ń sunkún bó ti ń sọ ọ́. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọjọ́ pẹ́ tí Sìmíátù ti ń ta irú ọjà èké bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin yìí.

"Èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Wàláhì."

Abdulsobur wò ó tìfẹ́tìfẹ́, ó fi ọwọ́ tó gé náà nu omi lójú rẹ̀.

"O ṣeun, Ìyá Qowiyy," ló wí. "Èyí tiẹ̀ dára ju ti atẹ́gùn lọ." Ó sì so ẹnu àpò náà pa.