Ẹ̀bá Ìlẹ̀kùn Ni Ti Àgbà

Kí a má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: Ọmọ́ṣaléwá ń jowú Súmbọ̀. Kì í ṣe owú ọkọ, kì í sì í ṣe owú aṣọ. Owú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ ni, ohun tí ojú lásán kò tilẹ̀ lè rí. Ẹ̀dá kò níṣẹ́ méjì ju owú jíjẹ lọ.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1986, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pádọ̀tun ní yàrá ìwádìí kan ní Jos. Sẹ́ẹ̀lì adìyẹ ni wọ́n fi ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn okùn tín-ín-rín wà tí wọ́n ń pè ní áktíìnì, tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì ró bí okùn ṣe ń gbé àgọ́ ró. Àwọn purotéènì kan sì wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti di okùn náà mú, kí wọ́n so ó pọ̀, kí wọ́n sì kàn án mọ́lẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá wọ sẹ́ẹ̀lì, àwọn purotéènì wọ̀nyí á dín kù, okùn á tú, sẹ́ẹ̀lì á ṣù roboto, á sì máa pọ̀ sí i láìgbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn kan lè dá wọn padà. Ó fún obìnrin méjèèjì ní oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti dán wò. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣiṣẹ́ ni yóò lọ lo ọdún kan ní ìlú òyìnbó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ọmọ́ṣaléwá ti ń retí ọdún kan yẹn. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Òun ló ń wọ ọkọ̀ láti Anglo Jos lọ sí Gyel láti ra ẹyin tí wọ́n ti ń mú sẹ́ẹ̀lì jáde, nígbà tí Súmbọ̀ ṣì wà nílé ìwé girama. Àfi bí ọmọ àdúgbò Ali Kazaure yìí ṣe dé lánàá òde yìí, tí ìdajì Yorùbá rẹ̀ jẹ́ Hausa, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àwo. Ti Ọmọ́ṣaléwá ń ṣù roboto, wọ́n ń jáwọ́ lára àwo, wọ́n ń léfòó. “Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà,” ló máa ń sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àkísà kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ gbé lọ han òyìnbó.

Àpótí amóoru kan ṣoṣo ni wọ́n ní, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé nínú ooru bíi ti ara ìyá adìyẹ. Nítorí pé Ọmọ́ṣaléwá ni àgbà, ẹ̀bá ìlẹ̀kùn ni àwo tirẹ̀ ń wà, kí ó má baà máa nawọ́ kọjá ti ọmọdé. Ẹ̀yìn pátápátá ni ti Súmbọ̀. Lọ́jọ́ kan, Súmbọ̀ kúnlẹ̀ kí i kú iṣẹ́.

“Àǹtí, sannu da aiki. Ṣé ká pààrọ̀ àyè? Wallahi, ẹ̀yìn yẹn gbóná dáadáa.”

“O tún fẹ́ gba àyè mi? Èyí tó o ti gbà kò tíì tó ẹ?”

“Haba, Àǹtí! Mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀ o. Ẹ má bínú.”

Láti ọjọ́ náà ló ti dá Ọmọ́ṣaléwá lójú pé ọmọbìnrin yìí ń fi ọwọ́ kan àwo òun. Bí Súmbọ̀ bá ti jáde lọ jẹun, Ọmọ́ṣaléwá á ṣí àpótí náà gbayawu, á tan tọ́ọ̀ṣì sí àwo ẹ̀yìn. Omi tí sẹ́ẹ̀lì ń mu a máa pupa. Bí jẹjẹrẹ bá ń yára dàgbà, omi náà á di yẹ́lò. Ojoojúmọ́ ni ti Súmbọ̀ ń pupa fòò. Ọmọ́ṣaléwá á pa ìlẹ̀kùn dé, á tún padà wá ṣí i. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́. Ó kàn ń wò ni. Ọyẹ́ Jos tó ń mú kí èèyàn wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà á sì máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, àwo ẹ̀bá ìlẹ̀kùn ni á kọ́kọ́ bá.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ yan ẹni tí yóò lọ, ó wá wo àwo fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ooru tí tẹmómítà àpótí náà ń fi hàn ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó pe àwọn méjèèjì.

“Ta ló ń ṣí àpótí yìí láìnídìí? Òtútù máa ń tú okùn inú sẹ́ẹ̀lì. Ọmọ́ṣaléwá, bóyá oògùn tìrẹ kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Òtútù ló bà á jẹ́.”

Ó yé Ọmọ́ṣaléwá wàyí pé ibi tó ti ń yọjú wo ti ẹlòmíì ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa tirẹ̀.

“Súmbọ̀, tìrẹ dára,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wí, “ṣùgbọ́n òtútù náà máa ń dín ìdàgbà sẹ́ẹ̀lì kù. Bí ẹni tó ń ṣí i bá sọ bó ṣe ń ṣí i fún mi, màá mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ oògùn, ìwọ lo sì máa lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, dídà ni màá da gbogbo rẹ̀ nù. Kò ní sí ẹni tó máa lọ.”

Ọmọ́ṣaléwá la ẹnu. Ojú inú rẹ̀ rí Súmbọ̀ nínú kóòtù tuntun, tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ó pa ẹnu náà dé. Kó kúkú dànù, ló wí nínú ara rẹ̀, ká sì sòótọ́, ó dùn mọ́ ọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n da gbogbo àwo náà sínú ike omi apakòkòrò, ó jáde láìwẹ̀yìn.

Súmbọ̀ bú sẹ́kún. Ó wá dì mọ́ Ọmọ́ṣaléwá.

“Kai, Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín ló ń dùn mí jù. Ẹ̀yin lẹ ti ń retí ẹ̀ látọjọ́ yìí. Hakuri, ẹ ní sùúrù, Àǹtí mi.”

Ọmọ́ṣaléwá ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ojú tirẹ̀ gbẹ. Ó ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń sunkún láìní ohun kankan tó ń fi pamọ́, owú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹkún náà gan-an ló ń jowú.