Ìwọ̀ Tó Yọ Ẹnu Síta Nínú Koríko

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ so mọ́ okùn yẹn?"

Verna ti sáré ju okùn rẹ̀ sínú omi kí Garland àbúrò rẹ̀ tó yíjú sí i, ó rò pé kò rí i. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń yí okùn náà bọ̀, koríko odò ló tẹ̀ lé e wá, ìdì gbọọrọ kan tó tutù rinrin, ẹnu ìwọ̀ sì yọ ṣóńṣó láàárín rẹ̀.

"Ìwọ̀ olórí òjé," ni Garland wí. "Èyí tó ń yọ ẹnu síta. Nínú gbogbo koríko yìí. Àbí ẹ fẹ́ já oúnjẹ lọ fún màlúù ni?"

"Ẹnu ń yá ẹ. Wojú ọ̀nà kó o máa tukọ̀."

Ìdíje ẹlẹ́ni-méjì-méjì tí ẹgbẹ́ apẹja ìlú wọn máa ń ṣe lọ́dọọdún ni wọ́n wá, lórí adágún tí wọ́n bí wọn sí etí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Alabama. Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni àwọn méjèèjì ti jọ ń wọ ọkọ̀ tó fi sílẹ̀. Verna ló fi ọkọ̀ náà fún, torí òun ló tọ́jú rẹ̀ dójú ikú, Garland sì ni awakọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu bàbá yẹn: omi ló ń yan ìwọ̀, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Bí koríko bá pọ̀, ìwọ̀ tí ọrùn rẹ̀ kọ́ ni kó o mú, kó o gún ekòló rọ́bà tá a fi ń tan ẹja lórí, kó o yí ìwọ̀ po, kó o wá ti ẹnu rẹ̀ padà sínú ara ekòló, kó fara pa mọ́ síbẹ̀. Koríko ò ní rí i mú, àfi ẹja tó bá gé e jẹ. Ibi tí omi bá mọ́, tó jẹ́ kìkì òkúta, ibẹ̀ lo ti lè ki ekòló bọ ìwọ̀ olórí òjé tààrà, kí ẹnu rẹ̀ yọ síta bó ṣe wù ú. Verna ti mọ gbogbo èyí kí Garland tó mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Òun gan-an ló kọ́ ọ.

Kì í ṣe ìmọ̀ ló tán lórí rẹ̀. Ìka ló kú. Ọdún gbọọrọ ló fi ń yọ egungun lára adìyẹ nílé iṣẹ́ ẹran, nínú òtútù, ọ̀kan ò tíì kọjá tán tí òmíràn ti dé iwájú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló jẹ àtàǹpàkò rẹ̀ àtàwọn ìka tó tẹ̀ lé e. Ó ṣì lè di ọ̀pá mú, ó lè yí okùn. Ṣùgbọ́n kó di ekòló rírọ̀ mú, kó fi ẹnu ìwọ̀ pa mọ́ sínú rẹ̀, kò lè ṣe é mọ́. Lánàá, ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ra, ó fi ẹ̀mú àti eyín so díẹ̀ sílẹ̀. Ẹja ti fa gbogbo wọn ya kí oòrùn tó mú. Ó kù kó sọ fún Garland pé "bá mi so ó," tàbí kó mú èyí tó ń yọ ẹnu. Ojú tì í. Ẹni tí kò lè so ìwọ̀ ara rẹ̀, kí ló kù tó ń wá nínú ọkọ̀? Bí Garland bá mọ̀, á wá ẹlòmíì mú dání, bẹ́ẹ̀ orí omi yìí nìkan ni ayé ti ṣì ń dùn mọ́ Verna.

Ó tún ju okùn. Lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan fà á, ó sì fà á gidi. Ọ̀pá tẹ̀. Ẹja báàsì kan fò sókè, ikùn rẹ̀ tóbi, Garland sì ti di àwọ̀n mú.

"Ẹ rọra. Ẹ má jẹ́ kó wọlẹ̀."

Ẹja wọlẹ̀. Ó kó sínú koríko, ẹnu ìwọ̀ tó yọ síta gbá koríko mú, ìwọ̀ bọ́ lẹ́nu ẹja bó ṣe gbọn orí, ó sì lọ. Verna fa ìdì koríko mìíràn wọ inú ọkọ̀.

Garland gbé àwọ̀n sílẹ̀.

"Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lónìí, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti Colby la jọ máa wọ ìdíje lọ́dún tó ń bọ̀." Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni Colby. "Mo ti bá ẹgbẹ́ sọ ọ́."

"Torí ẹja kan?"

"Torí ọwọ́ yín."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Verna ki ọwọ́ kan bọ àpò. "Kí ló ṣe ọwọ́ mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Láti Kérésìmesì ni mo ti mọ̀. Ẹ ò lè ṣí ìgò tíì, ẹ ní omi ló wà lọ́wọ́ yín. Mo rò pé ẹ máa fẹnu ara yín sọ pé ó tó gẹ́ẹ́."

"O mọ̀. O mọ̀, o sì jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, ò ń fi màlúù ṣe mí ní yẹ̀yẹ́."

"Ẹ̀yin náà ò ní kí n bá yín so ó."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Nígbà tí ọwọ́ tìẹ ò tó pẹpẹ, ta lo bẹ̀?"

Garland na ọwọ́ sínú àpótí ìwọ̀ rẹ̀, ó mú ìwọ̀ ọlọ́rùn-kíkọ́ kan, ó gún ekòló lórí, ó yí i, ó ti ẹnu ìwọ̀ pa mọ́, ó sì fi rọ́pò èyí tó wà lórí okùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. "Ẹ gbà."

Verna wò ó. Ekòló náà nà gbọọrọ láìwọ́, bó ṣe kọ́ ọ gan-an. Ó dùn ún ju ẹja tó lọ.

"Yí ọkọ̀ padà."

"Àkókò ṣì wà. A ṣì lè borí."

"Ìwọ àti Colby ni kẹ́ ẹ lọ borí. Àmọ́ kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ o."

Garland ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ. "Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe? Ẹ ò lè dá pẹja nínú koríko yìí."

"Ìdí ìdènà omi lọ́hùn-ún, kò sí koríko níbẹ̀. Òkúta ni. Ìwọ̀ mi á ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

"Kò sẹ́ja gidi níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bàbá gan-an kì í lọ síbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Verna wí. Ó fi eyín gé ìwọ̀ tí Garland so fún un kúrò lórí okùn, ó sì dá a padà sínú àpótí rẹ̀.