Wáyà Tó Ń Sinmi

Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa ò lè rí ohun tó jókòó jẹ́ẹ́ kínú má bí i. Má-sinmi là ń pè é lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, ó bá mi nídìí suwíìṣì, àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà wa pọ̀, ó nàka sí wáyà kan.

"Kí ló dé tí iná eléyìí ò ṣẹ́jú bíi tàwọn yòókù?"

"Ó ń sinmi ni, sà. Wáyà méjì ló lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bí méjèèjì bá jọ ṣiṣẹ́, ohun tá a bá fi ránṣẹ́ á kàn máa yí po, gbogbo ẹ̀rọ á sì dúró gbagidi. Suwíìṣì fúnra ẹ̀ ló dá ọ̀kan dúró. Bí èkejì bá já, á jí eléyìí lójú ẹsẹ̀."

"Ọ̀lẹ ni!" Ó fà á yọ. Kò sóhun tó ṣe kọ̀ǹpútà kankan. "Ṣé o rí i báyìí?"

Ẹni tí kò gbédè ẹ̀gà ló ń sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó. Ó ní kí wọ́n fi wáyà náà so tẹlifíṣọ̀n ọ́fíìsì òun mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kóun lè máa wo bọ́ọ̀lù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Etí ikún ló kọ sí mi.

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, torí kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó pọ̀n mí dàgbà, ṣubú tó forí gbálẹ̀. Wọ́n ya àwòrán orí ẹ̀, wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ń retí kí àwòrán yọ lójú kọ̀ǹpútà, kó lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí. Kò sóhun tó yọ. Káfíńtà tó ń tún àjà ṣe ti kan ìṣó mọ́ wáyà kan ṣoṣo tó kù.

N ò kanlẹ̀kùn. Ọ̀gá nasẹ̀ sórí tábìlì, bọ́ọ̀lù ń lọ. Mo fa wáyà yọ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.

"Ta ló ní kó o wọlé? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Orí tèmi pé. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló fọ́!"

Mo wọ́ wáyà náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn aláìsàn ń ká ẹsẹ̀ kò fún mi. Bí mo ṣe ki orí ẹ̀ méjèèjì bọ ibi tó yẹ ni àwòrán yọ. Dókítà wò ó, ó mú abẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi yè. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ṣèpàdé, ọ̀gá dìde, ó gbé àyà síwájú.

"Ẹ ò rí nǹkan? Ká ní mi ò tọ́jú wáyà yẹn sọ́dọ̀ ńkọ́?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Káfíńtà gan-an pàtẹ́wọ́.