Ojú Kámẹ́rà Tí Kò Lórúkọ

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni bọ̀ọ̀dá Atúnmáṣíìnì gbé àpótí kan dé, tó sì gbé e ka orí tábìlì tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, láàárín àwọn irin tí kò tíì tò tán.

"Gbogbo ohun tó kù ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá nìyí," ni bọ̀ọ̀dá wí. "Ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà àlòkù ń bọ̀ wá kó o ní Sátidé. Yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá o máa rí nǹkan kan lò níbẹ̀."

Atúnmáṣíìnì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí. Ogún ọdún ló ti fi ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀, tó ń tò ó padà, kò sì sí irin kékeré tó ń bà á lẹ́rù. Onífọ́tò ni bàbá rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún méjìdínlógójì kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọ lù ú lọ́dún tó kọjá. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ sì di ohun tó ń fi agbára wá, ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ó parí. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yìí ni òun àti Ìyá ń gbé báyìí. Ìdí fèrèsé ni Bàbá máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, láìwo ibì kan pàtó.

Atúnmáṣíìnì tú àpótí náà. Kámẹ́rà méjì wà níbẹ̀, àti ẹsẹ̀ irin mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, tí ọ̀kan ti kán, àti ojú kámẹ́rà kan tí wọ́n fi áńkáṣíìfù wé, ìyẹn dígí roboto inú irin tí wọ́n máa ń yí mọ́ iwájú kámẹ́rà. Ó wúwo bí agolo mílíìkì tí wọn kò tíì ṣí. Bó ti tú áńkáṣíìfù náà báyìí, Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Ìyẹn," ni Bàbá wí. "Ìyẹn."

Ìyá, tó ti ń sọ ti Bàbá mọ́ tirẹ̀ láti ọdún tó kọjá, dá sí i. "Òun ló fi ya gbogbo yín. Òun ló fi ya ìwọ alára lọ́jọ́ tó o pé ọdún kan, tó o ń ké bíi pé wọ́n ń pa ọ́ lọ."

Ṣùgbọ́n nǹkan ti bà jẹ́. Òrùka tí wọ́n máa ń yí kí àwòrán lè mọ́ kedere ti gan. Àwọn ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, tó yẹ kó máa ṣí kó máa padé bí ìpéǹpéjú, òróró ti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Dígí inú ti bu, nǹkan funfun ti ta sí i bí òwú aláǹtakùn. Òrùka iwájú tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

"Ọkùnrin yẹn ti wò ó," ni bọ̀ọ̀dá wí. "Ó ní ojú kámẹ́rà tí kò lórúkọ, òkú ni."

"Kí ló ní ó pa á?"

"Má bẹ̀rẹ̀ o! Ìwọ àti orí kunkun ẹ yìí."

"Mo kàn béèrè ni, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi di Sátidé."

Ó wo Bàbá. Bàbá kò gbé ojú kúrò lára nǹkan náà. Láti bí oṣù mẹ́fà, kò sí ohun tó tíì gba ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti pinnu.

Lọ́jọ́ kejì, ó bi Bàbá léèrè orúkọ ojú kámẹ́rà náà, nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá mọ ohun tó jẹ́, òun kò ní mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú u. Bàbá la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á. Inú bí i, ó fi ọwọ́ gbá orúnkún.

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Màá bi òun fúnra rẹ̀."

Ó mú ìwé àti bírò. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú, ó ka ewé irin rẹ̀: mẹ́jọ. Òrùka tó ń darí àwọn ewé náà jẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nọ́ńbà ara wọn sì lọ láti orí méjì dé orí mẹ́rìndínlógún. Ó fi irin ìwọnǹkan wọn ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ mílímítà méjìlélógójì. Ó fi sípírítì nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta fi yọ lábẹ́ ìdọ̀tí. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ya àwòrán rẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́rú, ó pa iṣẹ́ máṣíìnì tì, ó lọ sí ilé ìkàwé. Obìnrin tó ń ṣọ́ ìwé níbẹ̀ gbé ìwé ọjà àwọn oníkámẹ́rà àtijọ́ jáde fún un, èruku rẹ̀ sì mú àwọn méjèèjì sín. Láti aago mẹ́sàn-án ló ti ń ṣí i. Ó rí mẹ́ta tó ní nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́ta. Ewé mẹ́fà ni àkọ́kọ́ ní. Nọ́ńbà ti èkejì lọ dé méjìlélógún. Nígbà tí aago kan fẹ́ lù, ó ka ti ẹ̀kẹta: ewé mẹ́jọ, òrùka méjì, mẹ́rìndínlógún.

"Ìwọ rèé!" Ó pariwo débi pé gbogbo ilé ìkàwé yíjú. Aṣọ́wèé fi ìka sí ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.

Àwòrán kan wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ la ojú kámẹ́rà náà sí méjì bí búrẹ́dì. Dígí mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, súkúrù wínníwínní kan sì sá pa mọ́ sábẹ́ òrùka kejì. Ó dà á kọ pátápátá. Nígbà tó délé, ó ka orúkọ rẹ̀ sí Bàbá létí. Bàbá pa ojú dé, ó sì pe orúkọ náà látòkè délẹ̀ láìkọsẹ̀. "Òun ni," ló wí. Ìyá sáré jáde ní kíṣìnnì pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Irin tó fi ń tú súkúrù máṣíìnì nípọn jù, ó fi fáìlì rẹ́ ẹ títí ó fi tín-ín-rín. Súkúrù tó sá pa mọ́ náà jáde. Ó nu àwọn dígí náà pẹ̀lú òwú. Márùn-ún mọ́ tónítóní. Nǹkan funfun ara ẹ̀kẹfà ti jẹ dígí wọlé díẹ̀, ó fi àpá sílẹ̀. Ó fọ ewé irin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó sì ń tò wọ́n padà, ṣùgbọ́n bó bá ti fi ìkẹjọ sí i, ọ̀kan á fò jáde.

"Fi í sílẹ̀ kó o wá jẹun," ni Ìyá wí.

"Ó ku ẹyọ kan, Ìyá."

"Wákàtí kan sẹ́yìn, ẹyọ kan náà ló kù."

Nígbà tó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹfà, ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jókòó jẹ́ẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọjú sí òrùka tó gan láìsinmi. Páìpù irin méjì tó yí wọ inú ara wọn ni. Ó kán sípírítì sí i, ó fi róbà dì í mú, ó yí i tagbáratagbára, ó sì jáde lójijì. Ó nu gírísì àtijọ́ kúrò lára méjèèjì. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè, tó rí i pé Bàbá ń wo òun.

"Àmì?" ni Bàbá béèrè.

Ẹnu mẹ́wàá ni páìpù náà lè gbà wọlé, ẹyọ kan ṣoṣo ló tọ̀nà. Èyí tó bá ṣì, á wọlé gbẹdẹmukẹ, ṣùgbọ́n ohun tó bá wà lọ́nà jíjìn kò ní mọ́ láé. Atúnmáṣíìnì kò sì fi àmì sí ibi tí wọ́n ti yọ kúrò lára ara wọn. Ogún ọdún nídìí iṣẹ́! Ó nu ojú rẹ̀ nù.

"Mẹ́wàá ni," ló wí. "Mẹ́wàá kò pọ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó fi gírísì tuntun sí i, ó gba ẹnu àkọ́kọ́, ó dè é mọ́ kámẹ́rà, ó sì kọjú rẹ̀ sí bọ́ọ̀dù atúnbàtàṣe ní òdìkejì òpópónà. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ ti rẹ̀. Kò mọ èyí tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ́. Bàbá na ọwọ́ òsì. Ọmọ rẹ̀ gbé kámẹ́rà náà sí i lójú, ó bá a dì í mú.

"Kò mọ́."

Ó tú u, ó gba ẹnu kejì. "Kò mọ́." Ẹ̀kẹta, kò mọ́. Súkúrù mẹ́ta ló ń tú, tó ń dè, nígbà kọ̀ọ̀kan. Ìka rẹ̀ ti ń bó. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, bọ̀ọ̀dá wọlé pẹ̀lú ọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣebí Sátidé lẹ wí?"

"Òní ló ráyè."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Màdáámú, ẹ ṣì ń bá òkú yìí jà?"

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin náà," ni Atúnmáṣíìnì wí láìgbójú sókè. Ó gba ẹnu keje, ó dè é, ó gbé e sí Bàbá lójú, ó yí òrùka náà. Ó yí wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá kan bọ́tà. Bàbá pẹ́ níbẹ̀.

"Ó mọ́," ni Bàbá wí. Ó wá ń ka bọ́ọ̀dù náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé: "A... ń tún... bàtà... ṣe. Ẹ... wọlé."

Láti ọdún tó kọjá, kò tíì sọ gbólóhùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin oníkámẹ́rà gba nǹkan náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo inú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ṣì ń tà á. Bọ̀ọ̀dá wo Bàbá.

"Rárá," ni Bàbá wí.

Bọ̀ọ̀dá fi ọwọ́ pa orí. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ rí i mọ́ ni, Bàbá. Ẹ̀ ń wò sùn-ùn nígbà tí mo béèrè." Ó yíjú sí àlejò rẹ̀. "Ẹ ní fíìmù?"

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba àwọn fọ́tò tí Bàbá fi ojú kámẹ́rà náà yà. Nínú mẹ́rìndínlógójì, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló bà jẹ́, nítorí ọwọ́ òsì Bàbá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ náà sì wúwo fún un. Méje ló dáa. Nínú ọ̀kan, Ìyá jókòó lórí àga. Ènìyàn lè ka bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, ènìyàn lè rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọrùn sókè, kò sí nǹkan kan.

"Orí mi dà?" ni Ìyá pariwo. "Ẹ wo ìyà! Orí mi ńkọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó tọ́ka sí àga náà. "Jókòó," ló wí. "Jókòó dáadáa."

Atúnmáṣíìnì ti wọ́ àpótí iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó to ìwé ńlá méjì lé e, ó gbé kámẹ́rà ka orí wọn kí Bàbá má bàa ní ohun tó máa gbé mọ́ ju ìka kan lọ. Ìyá ní kí wọ́n dúró ná, òun ń lọ pààrọ̀ aṣọ.