Búrẹ́dì Mélòó fún Wákàtí Kan?

Oṣù méje lẹ́yìn tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, ọmọbìnrin mi mú fọ́ọ̀mù kan wá bá mi. Ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù lọ sí ọ̀nà jíjìn ti gbà á láti máa wa tírélà, ṣùgbọ́n wọ́n ní awakọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ ọ́n. Èmi ni awakọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa tírélà kí n tó fẹ̀yìn tì.

Mo ki fọ́ọ̀mù náà bọ abẹ́ rédíò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ onígbàjámọ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ mi. A ń bu oúnjẹ lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná nígbà tó ní, "Bàbá, ọ̀la ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù yẹn kẹ́yìn. Tí kò bá dé, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fi sí i."

"Tíṣà ni ẹ́," mo dá a lóhùn. "Iṣẹ́ tó dáa ni. Orí ìjókòó lo ti ń ṣe é."

"Ta ló sọ fún yín pé tíṣà ń jókòó?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó yára dojú kọ àwo rẹ̀.

Mo ní n kò fẹ́ ariwo. Tó bá lè fi hàn mí pé owó tí awakọ̀ ń gbà fún wákàtí kan tó ti tíṣà, màá fọwọ́ sí i kí oúnjẹ tó tutù. Mo yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, mo sì lọ dúró ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láti kọ ìṣirò náà síbẹ̀. Kí awakọ̀ tó gbéra, ó máa ń fi irin gbá táyà kọ̀ọ̀kan, á fetí sí ìró rẹ̀, á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èyí tó le dáadáa. Mo ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpò mi kò tíì gbọ́.

"Búrẹ́dì la ó fi kà á," mo wí, "torí owó ayé ìgbà tèmi kọ́ là ń ná báyìí. Owó ọ̀sẹ̀ kan mi ń ra ọgọ́fà búrẹ́dì. Ọ̀sán márùn-ún, òru márùn-ún ni n kì í sí nílé. Ọgọ́fà wákàtí nìyẹn. Búrẹ́dì kan fún wákàtí kan. Ìwọ ńkọ́?"

"Ọgọ́rin búrẹ́dì. Ogójì wákàtí."

"Búrẹ́dì méjì-méjì. Ìdajì ohun tí ò ń gbà lo fẹ́ lọ máa gbà yẹn."

"Ṣé ẹ ka oorun mọ́ iṣẹ́ ni, Bàbá?"

"Oorun inú tírélà kì í ṣe oorun. Etí kan ń sùn, èkejì ń ṣọ́ ẹrù."

"Ó dáa. Ẹ ka ìwé àwọn ọmọ tí mò ń máàkì nílé mọ́ tèmi náà. Ogún wákàtí." Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ gún régé bí ẹni pé kíláàsì ló wà. Ó di búrẹ́dì kan àti ìdá kan nínú mẹ́ta.

"Ìdá kan yẹn náà ló ṣì fi ju tèmi lọ," mo wí.

"Ẹ ṣírò tèmi," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ọgọ́ta wákàtí ni ṣọ́ọ̀bù mi ń wà ní ṣíṣí lọ́sẹ̀."

"Mélòó lẹ fi ń gẹrun níbẹ̀, Bọ̀dá?" àbúrò rẹ̀ bi í.

"Ìyẹn kọ́ la bi mí."

"Kí lẹ ń fi ìyókù ṣe?"

"Mò ń sùn lórí àga oníbàárà. Ṣùgbọ́n etí kan ń ṣọ́ ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá wọn, kò sẹ́ni tó tíì rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná yẹn.

Síbẹ̀, èmi ni mo borí. Mo ti ń gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì dà nù lọ́wọ́ nígbà tí onígbàjámọ̀ tún ní, "Àwọn ọ̀sẹ̀ tí Màmá bá bá yín lọ ńkọ́? Ọgọ́fà wákàtí náà ni?"

Tí àwọn ọmọ bá ti lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà, ìyàwó mi máa ń bá mi rìn. Á bọ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ sókè síwájú ọkọ̀, á máa bó ọsàn, á máa fi sí mi lẹ́nu, á sì máa kọ orin rédíò ní àkọṣì. Èmi ni mò ń gbá táyà, òun ló ń sàmì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, táyà tírélà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ló lọ sàmì sí láti iwájú dé ẹ̀yìn. A ti rin wákàtí méjì kí n tó rí i pé kò sí àmì kankan lára tiwa. Nígbà tí a fi máa padà, ẹni tó ni tírélà kejì ṣì ń wádìí ẹni tó ń díye lé táyà òun.

Wọ́n mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀. Mo tún un sọ, wọ́n sì jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé iṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn, Bàbá?" ọmọbìnrin mi béèrè.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ohun tí mo kọ. Mo yọ wákàtí ọsàn kúrò, mo yọ ti orin. Mo yọ ti òru náà, torí tí ìyá wọn bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ìjókòó mi, etí méjèèjì ni mo fi ń sùn. Ohun tó kù ni ìgbà tí mo fi ń tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, àti ojú ọ̀nà tó bàjẹ́. Ọgọ́ta wákàtí.

"Búrẹ́dì méjì-méjì," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ó ju ti tíṣà lọ."

"Bí ẹnìkan bá jókòó ti awakọ̀ nìkan ni," mo wí. "Tó bá dá wà, búrẹ́dì kan ni. N kò ní purọ́ fún ẹ."

"Mi ò tíì lọ́kọ. Bọ̀dá, ṣé ẹ máa bá mi lọ?"

"Ta ni kó máa ṣọ́ ilẹ̀kùn fún mi?"

Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá, Ọjọ́bọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ gbéra. Kí lẹ máa ṣe lọ́jọ́ náà?"

Fún ohun tó lé ní oṣù méje, n kò ní nǹkan kan tí mò ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Mo fa fọ́ọ̀mù náà yọ lábẹ́ rédíò, mo fọwọ́ sí i, mo sì ki ṣọ́ọ̀kì padà sí àpò.

"Ìwọ ni wàá máa fi irin gbá táyà," mo wí. "Èmi ni màá máa sàmì."

"Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa o," ni ọmọkùnrin mi wí, "kó jẹ́ tírélà tiyín."

Oúnjẹ ti tutù. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.