Obìnrin Tó Yá Kọ̀ǹpútà Lóhùn

Ọdún mọ́kànlá ni ohùn Ìyá Sùúrù fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn lórí fóònù ọ́fíìsì omi ìjọba. "Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù." Ibẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Bí ó bá tò láti ra búrẹ́dì, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ní, "Màmá, ẹ má ní ká ní sùúrù o, ebi ń pa wá." Ó ti rẹ́rìn-ín sí àwàdà yìí títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu rẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń pè é wá ka gbólóhùn tuntun sínú ẹ̀rọ: omi kò ní í yọ lọ́la, omi kò ní í yọ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má bínú. Kì í ṣe òun ló ń ti omi, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń bú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń darí fíìmù dúró lórí fóònù yẹn fún odidi wákàtí kan. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó wá obìnrin náà délé pé kó wá fi ohùn rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà inú fíìmù òun. Nínú fíìmù rẹ̀, ìjọba kó gbogbo iṣẹ́ ìlú lé kọ̀ǹpútà onílàákàyè kan lọ́wọ́: iná, ọ̀nà, omi. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò kan kẹ̀yìn sí ìjọba, ààrẹ pàṣẹ pé kó ti omi wọn pa. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó dojú ìjà kọ ìjọba tó ń sìn, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn mínísítà nínú ilé ìpàdé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣírí wọn fún ìlú gbọ́.

"Ṣé kí n bínú níbẹ̀?" ni obìnrin náà béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Rárá, Màmá. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ti ọ́fíìsì omi."

Ó jókòó sídìí máìkì nínú yàrá kékeré tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, ó ní, "Rárá, ọ̀gá. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Mi ò ní í tì í."

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ yọ ohun tó fi bo etí, ó yíjú wò ó. Ìyá Sùúrù kò rántí ìgbà tó sọ "rárá" fún ọ̀gá kankan rí.

Kí fíìmù tó jáde, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ránṣẹ́ pè wọ́n. Obìnrin tó gbà wọ́n lálejò bu omi fún wọn, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú bí ẹni tí kò sùn tó.

"Gbogbo ìlú ló mọ ohùn yìí," ó ní. "Wọ́n á rò pé ọ́fíìsì omi ló kọ̀ láti tẹ̀ lé àṣẹ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbà, kí fíìmù parí síbẹ̀."

"Bí a ò bá gbà ńkọ́?" ni adarí fíìmù béèrè.

"Kò ní í jáde. Àbúrò mi, èmi náà ní ọ̀gá."

Lórí àtẹ̀gùn, adarí ò lè wo ojú Ìyá Sùúrù. "Màmá, ogójì èèyàn ló fi ọdún méjì ṣe iṣẹ́ yìí. Gbólóhùn kan péré ni. 'Mo ti gbọ́, ọ̀gá.' Ẹ dákun, ẹ wá lọ́la."

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, gbójú sókè lórí ṣòkòtò tó ń rán. "Ó rẹ̀ ọ́."

"Ó rẹ̀ mí. Bí mo sọ ọ́, wàhálà. Bí mi ò sọ ọ́, wàhálà."

"Ẹni tó bá rẹ̀, ṣebí ó máa ń jókòó ni. Jókòó."

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi tíkẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́ sí i. Ó rò pé wọ́n ti wá obìnrin mìíràn, ó sì mú ọkọ rẹ̀ lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Fíìmù dé ibi tí ààrẹ ti ní, "Ti omi wọn pa."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá," ni kọ̀ǹpútà dáhùn.

Ohùn rẹ̀ ni. Bó ṣe máa ń mí díẹ̀ kó tó pe "ọ̀gá" wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i. "Ìwọ lọ sọ ọ́?"

"Mi ò sọ ọ́."

Ó dìde. Kò pariwo. Ohùn tó fi ń bẹ ará ìlú láti ọjọ́ yìí náà ló lò. "Ẹ jọ̀wọ́, èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, rárá, ọ̀gá. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Mi ò ní í tì í."

Gbogbo èèyàn yíjú kúrò lára ògiri tí fíìmù ń hàn sí. Ẹnì kan ní, "Ìyá ọ́fíìsì omi nìyẹn." Wọ́n tan iná. Ẹ̀ṣọ́ kan wá, kò mọ ibi tí yóò ti dì í mú.

"Màmá, wọ́n ní kí n mú yín jáde."

"Mò ń lọ náà. Bá mi di bàbá mú, àtẹ̀gùn yín ga."

Adarí bá wọn níta. "Ọ́fíìsì omi ló kó gbogbo ohun tí ẹ ti kà fún ọdún mọ́kànlá lé kọ̀ǹpútà kan lọ́wọ́," ó ní. "Ó kọ́ ohùn yín. Ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú rẹ̀, ó ń sọ ọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Màmá. Ó ti sú mi."

"Kọ̀ǹpútà tòótọ́?"

"Tòótọ́ ni, mà."

"Òun ò kọ̀?"

"Kò kọ̀. Kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan."

Ó wo ọmọkùnrin náà, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó wá èébú tó ti tò sẹ́nu tì. "Lọ jẹun," ó ní.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ́fíìsì omi kọ lẹ́tà sí i: wọ́n dúpẹ́, wọn ò nílò rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Ó kà á fún ọkọ rẹ̀ dé ìdajì, ó gbé e fún un kó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ní àdúgbò sọ pé ó káre, àwọn kan ní ta ló rán an níṣẹ́. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú wọn. Ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ lójú ọ̀sán gangan, ó sì sùn.